Oyún ọ̀sẹ̀ 36: àyà títa, ìbàdí ríro, àìsùn, ìpayà. Ẹ gbà mí o

Àbẹ̀kẹ́ Olóyún (Ọjọ́ Ajé, aago 4:12 ìdájí)
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú mi ò tíì kan oorun láti àná. Oyún àkọ́kọ́ mi nìyí, ó ti wọ ọ̀sẹ̀ 36. Títí di oṣù keje, mo ń rìn bí ẹni tí kò gbé nǹkan kan. Àfi bó ṣe wọ oṣù kẹjọ tí gbogbo nǹkan yí padà.

Bí mo bá dùbúlẹ̀, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí títí dé ọ̀nà ọ̀fun. Bí mo bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ìbàdí á máa ro mí. Bí oorun bá fẹ́ gbé mi lọ, ìtọ̀ á pè mí. Tí mo bá padà dé, pajápajá á mú mi lẹ́sẹ̀, màá kígbe, ọkọ mi á fò dìde. Ẹsẹ̀ mi wú, bàtà kan ṣoṣo ló kù tó gbà mí. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tún ń yún mi lóru, mo ń fi ìpara pa á.

Ìpayà ló wá burú jù. Gbogbo ìtàn ìbímọ tí wọ́n ti sọ fún mi rí, òru ni wọ́n ń padà wá bá mi. Bí ọmọ bá dákẹ́ díẹ̀, àyà mi á já. Ìyá ọkọ mi ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kí n fara dà á. Mo ń fara dà á o, ṣùgbọ́n báwo ni ẹ̀yin ṣe ṣe é?

Ìyá Mẹ́rin (5:30 àárọ̀)
Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní ni wàá sọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, kò sí èyí tójú mi ò rí nínú ohun tó o kà sílẹ̀ yìí. Omi ni kó o dín kù. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, má mu ún mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìtọ̀ ò ní pè ọ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni kó o máa fi sùn, má dán ọ̀tún wò rárá. Ní ti ọmọ tó ń dákẹ́, àyè ló há mọ́ ọn. Gbogbo ọmọ ló ń dákẹ́ bí ìgbà ìbí bá sún mọ́. Fọkàn balẹ̀.

Ìyá Ìbejì (6:48 àárọ̀)
Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mẹ́rin, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ti omi yẹn. Aboyún tí kò mumi, ìgbẹ́ rẹ̀ á le, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, àrùn ilé ìtọ̀ á sì tètè rí ọ̀nà wọlé. Ikùn á tún máa le gbagidi nígbà gbogbo. Kó mumi dáadáa láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kó wá mu ún níwọ̀nba bó bá ku bíi wákàtí méjì tó máa sùn. Nígbà tó bá ń tọ̀, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí ìjókòó, ìtọ̀ á tán dáadáa. Bí ìtọ̀ bá wá ń ta á, tàbí tó ń pè é tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìyẹn kúrò lọ́rọ̀ omi, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀.

Àbẹ̀kẹ́, ní ti àyà títa, oyún ló tú ẹnu ọ̀nà tó wà láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti àpò oúnjẹ, kì í pa dé dáadáa mọ́. Ilé ọmọ tún ń ti àpò oúnjẹ lọ sókè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó o bá ti nà gbalaja ni omi kíkan á gòkè. Máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, má jẹ àjẹyó. Jẹ́ kí oúnjẹ alẹ́ pé wákàtí méjì sí mẹ́ta kó o tó dùbúlẹ̀. Ìrọ̀rí tí wọ́n tò lé ara wọn sábẹ́ orí ò ràn mí lọ́wọ́ o, ọrùn mi nìkan ló ń ká. Ìgbà tí ọkọ mi fi pákó tó lágbára gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè níbi orí, tí gbogbo àyà mi ga ju ikùn lọ, ni mo tó sùn.

Oògùn àyà títa wà tí aboyún lè lò, bi nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn. Kìkì pé má lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún ọ, fi bíi wákàtí méjì sáàárín wọn, torí kì í jẹ́ kí ara gba èròjà irin inú rẹ̀.

Agbẹ̀bí Fẹ̀yìntì (8:05 àárọ̀)
Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìyá Mẹ́rin, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́ fún un, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ohun tẹ́ ẹ kọ tí mi ò lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sóòótọ́ nínú pé ọmọ ń dákẹ́ bí ìgbà ìbí bá sún mọ́. Ọ̀nà tó ń gbà mira lè yí padà: ìtàkìtì lè dín kù, kó wá máa yí, kó máa tì, kó máa nà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ dá kò ní ṣíwọ́ mímira bó ṣe máa ń mira títí ìrọbí á fi dé, àní nínú ìrọbí pàápàá. Nítorí ọ̀rọ̀ “àyè há mọ́ ọn” yìí, àwọn ìyá máa ń jókòó sílé di ọjọ́ kejì, nígbà tó jẹ́ pé òru àkọ́kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti wá.

Ọmọ máa ń sùn nínú oyún o. Oorun náà sábà máa ń gba 20 sí 40 ìṣẹ́jú, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju 90 lọ. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo mọ ìgbà tí tìrẹ máa ń ṣeré jù. Bó bá dákẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe, fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, gbọ́wọ́ lé ikùn, fọkàn sí i. Àwọn kan á ní kó o ka ìgbà mẹ́wàá láàárín wákàtí méjì. Àwọn mìíràn ò fún ìyá ní iye kankan, wọ́n ní ìyípadà ni kó máa wò. Ẹ̀yìn àwọn kejì lèmi wà, torí ọmọ tó ti ń mira ní ogójì ìgbà tó wá já sí mẹ́wàá, iye tí wọ́n ní kó kà ti pé, bẹ́ẹ̀ nǹkan ti yí padà lára rẹ̀. Bí ọkàn rẹ ò bá balẹ̀, pe ọsibítù lóru yẹn gan-an, má dúró de ilẹ̀ mọ́. Bó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tún pè wọ́n. Kò sí agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ tó máa bínú sí ọ.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà pé kí ìyá máa fi gbọ́ ọkàn ọmọ nílé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọkàn ọmọ lè máa lù kí ọmọ má gbádùn. Ìyá mìíràn á sì gbọ́ lílù iṣan ti ara rẹ̀, á rò pé tọmọ ni.

Ní ti oorun, òsì tàbí ọ̀tún, èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni. Ohun tí a ò fẹ́ láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ ni kí aboyún fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ikùn á tẹ iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ á dín kù, ìwádìí sì ti fi hàn pé ewu kí ọmọ kú sínú ga sí i lára àwọn tó ń sùn bẹ́ẹ̀. Bó o bá jí tó o bá ara rẹ lẹ́yìn, má ṣèyọnu, yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó o padà sùn. Bó o ṣe wà nígbà tí oorun kọ́kọ́ gbé ọ lọ ló ṣe pàtàkì jù, torí bẹ́ẹ̀ lèèyàn sábà máa ń pẹ́ sí jù lóru.

Ìyá Mẹ́rin (8:31 àárọ̀)
Màmá, mo gbọ́ ti ọmọ dídákẹ́. Ṣùgbọ́n òsì ni wọ́n kọ́ wa lọ́sibítù nígbà tèmi o. Wọ́n ní ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà.

Agbẹ̀bí Fẹ̀yìntì (8:40 àárọ̀)
Wọ́n kọ́ yín bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìwádìí tó dé lẹ́yìn ìgbà yẹn, tó kó ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀, kò rí ìyàtọ̀ láàárín òsì àti ọ̀tún. Ẹni tí ìbàdí òsì ń ro, ẹ ò lè ní kó má yí.

Tinúkẹ́ (10:17 àárọ̀)
Ọ̀rọ̀ ìbàdí ni tèmi, torí mo jẹ ìyà rẹ̀ dé eegun. Bó bá jẹ́ pé níwájú ni, níbi tí egungun méjèèjì ti pàdé lókè abẹ́, tàbí lẹ́yìn níbi ìdí, tó sì ń le sí i bó o bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tó o bá ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì, oríkèé ìbàdí ló ń fà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò sóhun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ní kí wọ́n kọ ìwé fún ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú egungun àti iṣan. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Pa orúnkún méjèèjì pọ̀ nígbàkigbà tó o bá ń yí, kí èjìká àti ìbàdí jọ yí lẹ́ẹ̀kan náà. Bó o bá fẹ́ dìde, yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ pọ̀, kó o wá fọwọ́ ti ara rẹ sókè. Jókòó kó o tó wọ pátá. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n dídúró lórí ẹsẹ̀ kan láti wọ aṣọ ló ń fa ìrora yẹn jù lójúmọ́, àwa la ò mọ̀. Ìrọ̀rí tó o bá fi sáàárín ẹsẹ̀, jẹ́ kó gùn láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Bó bá mọ sí orúnkún, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ á wó, ìbàdí á tún yí pẹ̀lú ẹ̀. Fi òmíràn tó tín-ín-rín ti abẹ́ ikùn. Àtẹ̀gùn, máa gùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ méjèèjì pàdé kó o tó tún gun òmíràn.

Pajápajá ńkọ́? Bó o bá ń na ara lórí bẹ́ẹ̀dì, má na ọmọ ìka ẹsẹ̀ síwájú, ìyẹn ló ń pè é. Gìgísẹ̀ ni kó o tì jáde. Bó bá ti mú ọ, fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ, kí orúnkún wà ní nínà, títí á fi tú. Kó o tó sùn, dojú kọ ògiri, ti ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ ẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Wọ́n ń ta oògùn èròjà magnesium fún un náà. Àwọn kan ń yìn ín, èmi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tó ń dùn ọ́ tí kò lọ, ìyẹn ò jọ pajápajá mọ́. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀, ọsibítù ni kó o gbà lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rẹ́ Aboyún (11:02 àárọ̀)
Ibuprofen lèmi ń lò fún ẹ̀yìn ríro, ó sì ń ṣiṣẹ́ ju paracetamol lọ. Ọ̀sẹ̀ 33 ni mo wà.

Agbẹ̀bí Fẹ̀yìntì (11:09 àárọ̀)
Jọ̀ọ́, dá a dúró lónìí, kó o sì sọ fún dókítà rẹ pé o ti ń lò ó. Láti ọ̀sẹ̀ 20 ni ìkìlọ̀ àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ lórí irú oògùn yẹn, ní ọdún 2020, torí ó lè ba kíndìnrín ọmọ jẹ́, kí omi tó yí ọmọ ká dín kù. Láti bíi ọ̀sẹ̀ 30 lọ, ó tún lè ti ojú iṣan kan pa nítòsí ọkàn ọmọ kó tó tó àkókò. Paracetamol níwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí ni. Ẹni tí dókítà fún ní aspirin kékeré nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn yàtọ̀ o, kó má fi ọ̀rọ̀ mi yìí dá tirẹ̀ dúró.

Ọkọ Aboyún (1:25 ọ̀sán)
Ọkùnrin ni mí, ẹ má lé mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ wíwú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tìyàwó mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ á wú, bó bá gbé e sókè á fà, gbogbo wa ní kò sí nǹkan, kò sì sí nǹkan lóòótọ́ nígbà yẹn. Àfi ọjọ́ kan tó jí tí ojú rẹ̀ wú, òrùka ò bọ́ lọ́wọ́ mọ́, orí ń fọ́ ọ, paracetamol ò bá a wí. Ó ní òun ń rí nǹkan tó ń kọ mànà lójú. Inú rẹ̀ tún ń dùn ún lábẹ́ egungun ìhà lápá ọ̀tún, a rò pé àyà títa ni. Ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà nílé ka 160 lórí 110. Wọn ò jẹ́ ká padà sílé. Ìyá àti ọmọ wà láyọ̀ báyìí.

Nọ́ọ̀sì wá là á yé mi pé láti 140 lórí 90 ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ, àti pé bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè di gìrì. Torí náà, ẹ̀yin ọkọ, ẹ máa wo ojú àti ọwọ́ ìyàwó yín láàárọ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ò sọ gbogbo rẹ̀.

Ohun mìíràn tí mo kọ́: bó bá ń ráhùn lóru, mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé ṣé kí n gbọ́ ni, àbí kí n wá nǹkan ṣe sí i. Ó dín ìjà kù nílé wa.

Àìsùn (3:50 ọ̀sán)
Àbẹ̀kẹ́, gbogbo wọn ti dá ọ lóhùn nípa ara, kò sẹ́ni tó tíì dá ọ lóhùn nípa ìpayà ju “fọkàn balẹ̀” lọ. Mi ò mọ aboyún kan tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ nítorí pé wọ́n ní kó balẹ̀.

Oyún mi kejì ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Ìbí àkọ́kọ́ le, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe fún mi lára. Nígbà tí èkejì wọ oṣù kẹjọ, mo ń lá a lálàá lóru, mo sì ń sá fún ọjọ́ àyẹ̀wò. Agbẹ̀bí kan ló kíyè sí i. Ó ní kí n kọ gbogbo ohun tó ń bà mí lẹ́rù sínú ìwé, lọ́sàn-án o, kì í ṣe lóru. Lẹ́yìn náà a jọ pín in sí méjì. Àwọn tó ní ìdáhùn, bíi “ṣé wọ́n á tún fi mí sílẹ̀ lémi nìkan?”, ó dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n mú ẹni tí mo bá fẹ́ dání. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dábàá láti 2018 pé kí gbogbo obìnrin ní ẹni tó yàn láàyò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìrọbí. Ó mú mi wo yàrá ìbímọ náà, ó sọ irú oògùn ìrora tí wọ́n ní fún mi, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé kí wọ́n máa ṣàlàyé fún mi kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí. Àwọn tí kò ní ìdáhùn kù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Wọn ò tán, ṣùgbọ́n mo lè gbé wọn.

Ìtàn ìbímọ tí àwọn èèyàn ń sọ, o lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n dákẹ́. Mo máa ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bí tèmi tán kẹ́ ẹ tó sọ tiyín.” Àwọn kan bínú. Wọ́n ti yọ́nú báyìí. Fóònù ò gbọdọ̀ bá ọ wọ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú, torí bó o bá ti ń wá ìdáhùn sí ìbẹ̀rù láago mẹ́ta òru, ìbẹ̀rù mìíràn lo máa rí. Bí àyà bá ń já ọ, mí sínú díẹ̀, kó o wá rọra tú u jáde kó pẹ́ ju bó o ṣe fà á sínú lọ, léraléra.

Ṣùgbọ́n bó bá ti gba ọ̀sán pẹ̀lú òru, tí o ò lè jẹun, tí ẹkún ò dá, tàbí tí èrò bá ń wá pé kó o pa ara rẹ lára, sọ fún wọn kíá. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ti ń lò láti 1987 láti fi mọ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, ìbéèrè mẹ́wàá péré. Torí àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni wọ́n ṣe ṣe é, àwọn agbẹ̀bí sì ń fi bi aboyún náà. Ìtọ́jú wà. Bó bá sì jẹ́ pé o ti ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí ti ìpayà tẹ́lẹ̀ ni, má ṣàdédé dá a dúró láìbi dókítà.

Ìyá Mẹ́rin (4:15 ìrọ̀lẹ́)
Àdúrà ló mú èmi kọjá.

Àìsùn (4:22 ìrọ̀lẹ́)
Èmi náà gbà á, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà á, mo sì tún lọ bá agbẹ̀bí.

Olùkà Jẹ́ẹ́jẹ́ (6:38 ìrọ̀lẹ́)
Mi ò kì í sábà kọ nǹkan, mo máa ń kà ni. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ti ara yíyún. Àbẹ̀kẹ́, ṣé nǹkan sú sí ọ lára níbi tó ti ń yún ọ? Ṣé òru ló ń le jù? Ìtọ̀ rẹ ńkọ́, ṣé ó pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ikùn tó ń fẹ̀ máa ń yún aboyún, ìyẹn wọ́pọ̀. Àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, lóru, láìsí nǹkan kan lójú awọ, ó jọ tèmi jù. Ẹ̀dọ̀ ni tèmi. Òróòro ò ṣàn bó ṣe yẹ, ó ń kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ. Pè wọ́n lálẹ́ yìí.

Agbẹ̀bí Fẹ̀yìntì (6:51 ìrọ̀lẹ́)
O ṣeun gan-an, Olùkà. Òótọ́ ló sọ, Àbẹ̀kẹ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á ṣe, wọ́n á wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì wo ìwọ̀n èròjà òróòro. Dárúkọ èkejì yẹn fún wọn, nítorí àwọn ibì kan máa ń ṣe ti ẹ̀dọ̀ nìkan. Bí èsì àkọ́kọ́ bá sì dára tí ara ṣì ń yún ọ, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Yíyún lè ṣáájú kí àyẹ̀wò tó rí nǹkan.

Àbẹ̀kẹ́ Olóyún (9:20 alẹ́)
Kò sí nǹkan kan tó sú sí mi lára. Òru ló ń le jù. Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní kí n máa bọ̀. A ti ń lọ.

Àbẹ̀kẹ́ Olóyún (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:40 àárọ̀)
A ti padà dé. Ọmọ ń ṣeré, ẹ̀jẹ̀ ríru dára, ìtọ̀ dára. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, èsì ò tíì jáde. Ẹ̀gbọ́n Tinúkẹ́, mo jókòó wọ pátá láàárọ̀ yìí, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dùn mí.

Ìbéèrè kan kù. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, ikùn mi ń le, ó ń dẹ̀. Wọ́n ní ìrọbí ẹ̀tàn ni. Báwo ni màá ṣe mọ ti gidi?

Ìyá Ìbejì (12:15 ọ̀sán)
Ti ẹ̀tàn kì í ní ìlànà. Ó lè wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tún di ogún, kó lọ. Mumi, tọ̀, yí ipò padà, bó bá lọlẹ̀, òun nìyẹn. Ti gidi, bó o rìn, bó o dùbúlẹ̀, ó ń bọ̀. Á máa pẹ́ sí i, á máa le sí i, á sì máa sún mọ́ra. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé bó bá ń dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pé ìṣẹ́jú kan, tó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, kí n máa bọ̀.

Ìyá Mẹ́rin (12:33 ọ̀sán)
Ìyẹn dára fún àkọ́bí. Ẹni tó ti bímọ rí kó má dúró ka márùn-ún o! Ọmọ mi kẹta, díẹ̀ ló kù kí n bí i sẹ́nu ọ̀nà ilé.

Agbẹ̀bí Fẹ̀yìntì (1:10 ọ̀sán)
Ìyá Mẹ́rin gbà á lónìí. Ìbí kejì lọ sókè sábà máa ń yára. Àwọn kan sì wà tí kì í dúró de kíka rárá, ìbáà jẹ́ àkọ́bí: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ikùn tó le tí kò dẹ̀, omi tó tú tó ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀, torí ọmọ ti yàgbẹ́ sínú rẹ̀. Omi tó mọ́ náà, pè wọ́n bó bá ti tú, ìrọbí ì báà má tíì bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó nípọn tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára rẹ̀ kì í ṣe ìdí láti sáré, ó lè ṣáájú ìrọbí ní ọjọ́ mélòó kan. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 37 tí ikùn ń le fún léraléra, kó má jókòó sílé máa ṣàyẹ̀wò ara rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Olóyún (Ọjọ́bọ̀, 5:05 ìrọ̀lẹ́)
Èsì ti jáde. Ẹ̀dọ̀ náà ni. Èròjà òróòro wà ní 31. Dókítà ní tèmi ò le, pé láti 100 lọ ni ewu fún ọmọ ti ń ga gan-an, pé wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́ nítorí ó lè gòkè, àti pé ó sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbí. Ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí n kọjá ọ̀sẹ̀ 40, bó bá sì gòkè, á tètè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwọn á fi oògùn pe ìrọbí. Olùkà, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Àmọ́ ẹ̀rù ti pípe ìrọbí yìí ti gba ipò àwọn tó kù báyìí.

Ìyá Mẹ́rin (5:20 ìrọ̀lẹ́)
Háà. Ṣé wọn ò lè jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá ni? Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló máa ń kẹ́yìn irú ẹ̀.

Agbẹ̀bí Fẹ̀yìntì (5:44 ìrọ̀lẹ́)
Ìyá Mẹ́rin, ẹ dákun. Ẹni tí wọ́n ti rí ìdí kan lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Àní fún àwọn tí kò ní nǹkan kan pàápàá, ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, lára aboyún àkọ́bí tó lé ní 6,000. Nínú àwọn tí wọ́n pe ìrọbí wọn ní ọ̀sẹ̀ 39, bíi 19 nínú 100 ló kángun sí iṣẹ́ abẹ. Nínú àwọn tí wọ́n ní kó dúró, ó jẹ́ bíi 22. Èyí ò ní kí gbogbo èèyàn lọ pe ìrọbí, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ kúrò lọ́kàn Àbẹ̀kẹ́.

Ìyá Ìbejì (7:30 alẹ́)
Wọ́n pe tèmi. Kò dùn, mi ò ní parọ́ fún ọ, pàápàá nígbà tí omi oògùn ìrọbí wọ ara. Bèèrè oògùn ìrora kí wọ́n tó so omi náà, má dúró di ìgbà tó bá le. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé ó lè pẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn tàbí bọ́lúùnù kékeré rọ ẹnu ilé ọmọ, ìyẹn nìkan lè gba ọjọ́ kan gbáko tí o kàn ń wo òrùlé. Wáyà fóònù tó gùn ni kó o mú dání, àwọn ibi tí wọ́n ń ki iná bọ̀ máa ń jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Sì bi wọ́n bóyá wàá lè máa rìn, àwọn kan gbà á, àwọn kan kì í gbà.

Ọkọ Aboyún (7:52 alẹ́)
Kí ọkọ ẹ̀ náà mú súwẹ́tà dání o. Aboyún nìkan ni ooru ń mú nínú yàrá yẹn.